Èdè Wo Ni A Fi Ń Kọ́ Ọmọ Nípa Ìlú Rẹ̀?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ní Ìkọ̀lé, ní Ọyẹ́, ní Ìdó àti ní gbogbo àríwá Èkìtì, iṣẹ́ méjì kan wà lára ohun tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lálẹ́ òní. Ọ̀kan ni ẹ̀kọ́ èdè, ìyẹn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: kíkà, kíkọ, àkàyé, àròkọ, ìtàn sísọ. Èkejì ni ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní sóṣà: ẹbí, oúnjẹ, aṣọ, ìgbéyàwó, ìjọba, owó orí, ìbágbépọ̀. Nínú ìwé iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Yorùbá ní àkókò tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, sóṣà ní tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń kọ́ sóṣà, pàápàá láti kíláàsì kẹrin lọ. Ohun tí mo ní í sọ ni pé ìyàsọ́tọ̀ yìí kò ṣe ọmọ lóore. Ẹ̀kọ́ nípa ìlú ọmọ kò lè yé e délẹ̀ bí a kò bá fi èdè ìlú náà kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ Yorùbá náà yóò sì gbẹ bí a kò bá rí ọ̀rọ̀ ìlú ọmọ fi bọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ẹbí, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ sóṣà ni ó máa ń wà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ á kọ́ ọ sórí pé ẹbí ni àwọn tí ẹ̀jẹ̀, ìgbéyàwó tàbí ìgbàtọ́ so pọ̀. Á kọ́ pé oríṣi méjì ni: ẹbí kékeré, tí í ṣe bàbá, ìyá àti ọmọ, àti ẹbí ńlá, níbi tí wọ́n kó gbogbo àwọn yòókù sí. Lẹ́yìn náà ni wọn á fún un ní orúkọ tí yóò máa pe ènìyàn: áńkù, àǹtí, kọ́sìn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bọ́ sọnù. Èdè Yorùbá kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ọkùnrin ni ọmọ ìyá rẹ tàbí obìnrin. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ayé ló ń béèrè, ìdí nìyẹn tó fi ní ẹ̀gbọ́n, tó sì ní àbúrò. Ó tún ń béèrè bóyá ìyá kan náà ló bí yín tàbí bàbá nìkan ló pa yín pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan. Ẹ̀gbọ́n bàbá kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àbúrò ìyá, ojúṣe wọn lórí ọmọ kò dọ́gba, orúkọ tí à ń pè wọ́n sì fi hàn. Áńkù gbé gbogbo wọn mì káló. Ọmọ tí olùkọ́ bá la àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣáájú nínú ìpàdé mọ̀lẹ́bí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìdí tí pínpín ogún fi rí bó ṣe rí, ó ti ń mọ ẹni tí ilé ń ránṣẹ́ pè bí ọ̀ràn bá dé. Agbo ilé ńkọ́? Ẹbí kékeré kọ́, ẹbí ńlá kọ́. Ibùgbé ni, ènìyàn ni, àṣẹ ni, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ọ̀rọ̀ wa ni ìmọ̀ nípa àwùjọ wa wà, ẹni tó bá sì gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ ti gba púpọ̀ nínú ìmọ̀ náà.

Bí a bá tún súnmọ́ ilé sí i, ọ̀rọ̀ náà á túbọ̀ hàn. Gírámà Yorùbá inú ìwé sọ fún ọmọ pé fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ. Òótọ́ ni, nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ṣùgbọ́n ulé ni ọmọ Èkìtì ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà, ìlú tí a ń pè ní Ùsì àti èyí tí a ń pè ní Ùsin sì wà ní agbègbè wa níhìn-ín, tí orúkọ wọn wà lójú pátákó ọ̀nà. Bí olùkọ́ bá ka òfin yẹn fún ọmọ tí kò sì ṣàlàyé, ó ti sọ ẹnu ilé ọmọ náà di àṣìṣe. Bí ó bá ṣàlàyé, ẹ̀kọ́ ńlá ló wà níbẹ̀: bí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe sọ Yorùbá di èdè tí a ń kọ sílẹ̀, tí èdè Ọ̀yọ́ sì jẹ́ ìpìlẹ̀ pàtàkì fún un, bí àwọn àgbà ìjọ ṣe péjọ sí Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí ọ̀nà tí a ó gbà máa kọ ọ́, bí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Ọ̀wọ̀ ṣe di u tiwọn mú títí dòní. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò ní kí ọmọdé fi ẹ bá àgbà sọ̀rọ̀. Ní èdè Èkìtì ti àtijọ́, àgbà lè gbọ́ o lẹ́nu ọmọ kí ó má kà á sí àfojúdi, nítorí ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, ìkíni àti oríkì ni wọ́n fi ń wo ọ̀wọ̀. Ọmọ tó gbọ́ àlàyé yìí ti kọ́ gírámà, ó ti kọ́ ìtàn, ó ti kọ́ bí àwọn tó yàtọ̀ síra ṣe ń gbé pọ̀ láìfojú tẹ́ńbẹ́lú ara wọn. Kò sí bí a ṣe lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yìí tí yóò wọ̀ ọ́ lára bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ dídùn ni mo ń sọ, ẹ̀rí dà? Ẹ̀rí wà, ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín náà ni a sì ti rí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló ṣe ìrànwọ́ owó. Wọ́n mú ọmọ kíláàsì kìíní, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ wọn fún ọdún 6 gbáko: ìṣirò ni o, sáyẹ́ǹsì ni o, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà ni o. Wọn kò lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí èdè, láti ọwọ́ olùkọ́ tí wọ́n dìídì yàn fún un. Àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n tẹ̀lé ìlànà tí gbogbo ayé mọ̀: Yorùbá fún ọdún 3 àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n wá gbé àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún 6 ló ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ náà. Èyí tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn náà ló tún ṣe dáadáa jù. Ìwádìí náà parí ní 1978, ìwé tí Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1989. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò ya àwùjọ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣà nínú orúkọ ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì ya méjèèjì kúrò lára èdè. Ìwé tí wọ́n nílò kò sí nílẹ̀ nígbà náà; wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́.

Àríwísí kan wà tí àwọn onímọ̀ ti ṣe sí ìwádìí yìí, ó sì tọ́ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní ìwé tuntun ni wọ́n fún àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́, wọ́n dá àwọn olùkọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní àkànṣe, wọ́n fún wọn ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ iṣẹ́. Báwo la ṣe mọ̀ pé Yorùbá ló ṣe é, tí kì í ṣe ìwé àti olùkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Mo gbà pé ìwé àti olùkọ́ kó ipa tí kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù gan-an. Ìbẹ̀rù wọn ni pé bí ọmọ bá fi ọdún 6 kẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á bàjẹ́, kò sì ní lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jìjàkadì níwájú. Ìbẹ̀rù yẹn gan-an ni Modákẹ́kẹ́ dáhùn. Ọmọ fi ọdún 6 kẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ dáadáa àti ìwé dáadáa ló fà á, a jẹ́ pé olùkọ́ dáadáa àti ìwé dáadáa ló yẹ kí a máa wá, kì í ṣe bí a ó ṣe lé Yorùbá kúrò ní kíláàsì.

Láti ìgbà náà, ìjọba àpapọ̀ ti yí ìlànà padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ètò ẹ̀kọ́ tó jáde ní 1977 ní kí a fi èdè ìyá tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí i pé kí a lo irú èdè bẹ́ẹ̀ fún ọdún 6. Kò pé ọdún 3 pàtó tí ọ̀rọ̀ náà fi yí padà: ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Àkúrẹ́, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi máa kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Ìdí tó mú wá ni pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè ìyá ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ipò mínísítà, àlàyé yìí kò lè dúró. Ọmọ tó jókòó síwájú ìdánwò WAEC ti lo ọdún 6 ní ilé ẹ̀kọ́ girama, níbi tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣáájú ìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ láti kíláàsì kẹrin. Bí ó bá wá kùnà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 7 ni a ó mú? Ìlànà ọdún 2022 kò tilẹ̀ tíì wọ kíláàsì tó kó lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ìlú wa, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kì í dúró de ọdún kẹrin kó tó bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti nọ́sìrì ni, ibòmíràn sì wà tí wọ́n ti ń jẹ ọmọ níyà torí ó sọ Yorùbá. Ohun tí a kò tíì ṣe, báwo la ṣe fẹ́ di ẹ̀bi rù ú?

Bí a bá tún fẹ́ ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì fò sókè láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ìwé bí Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ. Àwọn ọmọ ìgbà yẹn wà lára àwọn tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, dókítà àti adájọ́ tí Èkìtì fi ń yangàn. Kò sí ẹni tó sọ pé Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ fi kẹ́kọ̀ọ́ pa Gẹ̀ẹ́sì wọn.

Mo mọ̀ pé òbí tó ń wá Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, òun ni wọ́n fi ń wá iṣẹ́. Ohun tí mo ń bá òbí jiyàn lé lórí ni ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà wọlé sí ọmọ lára. Bí olùkọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sóṣà, ọmọ á pàdánù méjèèjì: sóṣà kò ní yé e, Gẹ̀ẹ́sì tí yóò sì kọ́ níbẹ̀ á wọ́. Àkọ́sórí ni yóò mú jáde, bí èso tí a já ní àìgbó. Ilẹ̀ Tanzania yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n níhìn-ín. Láti 1967 ni Kiswahili ti jẹ́ èdè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba níbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń fi mọ ìwé kà. Ibi tí wàhálà wọn wà ni ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí gbogbo iṣẹ́ bá yí sí Gẹ̀ẹ́sì lójijì fún ọmọ tí a kò kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Nítorí náà, kí a kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gidigidi ní àkókò rẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tó gbọ́ ọ, bí wọ́n ti ṣe ní Modákẹ́kẹ́.

Àwọn kan á ní: àwọn ọmọ tí kì í ṣe Yorùbá láàárín wa ńkọ́? Ìbéèrè yìí kò ṣeé fojú fò ní àríwá Èkìtì. Ẹ̀bìrà, Igede, Tiv, Hausa àti Fúlàní wà ní oko àti ọjà wa, ọmọ wọn sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ilé wọn náà. Èdè tí ọmọ Ẹ̀bìrà ń fi bá ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ṣeré ní pápá, tó fi ń ra ẹ̀kọ, tó fi ń kí àgbà, Yorùbá ni. Èdè àdúgbò ni ìlànà 1977 sọ, kì í ṣe èdè ìyá nìkan. Bí a bá sì dé orí ẹ̀kọ́ ìsọmọlórúkọ, olùkọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á ní kí ọmọ Ẹ̀bìrà sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tiwọn, kí ọmọ Tiv náà sọ tirẹ̀, ní Yorùbá tí gbogbo wọn jọ gbọ́. Kíláàsì bẹ́ẹ̀ á kọ́ ìbágbépọ̀ ju ẹni tó ka ìtumọ̀ rẹ̀ sórí lọ.

Wọ́n tún ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ohun tó wà nínú sóṣà. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùgbọ́ rédíò fúnra yín dájọ́ rẹ̀. Ìròyìn Yorùbá tí ẹ ń gbọ́ lójoojúmọ́, èdè wo ni wọ́n fi ń kà á? Ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ètò ìdìbò, owó orí, ìwé òfin, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àbò ìlú, àjọ ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: gbogbo ọ̀rọ̀ sóṣà kíláàsì kẹrin sí kẹfà nìyẹn, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé sì ń gbọ́ wọn tí ó ń bá wọn jiyàn lábẹ́ igi. Fún àwọn tó fẹ́ èyí tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àjọ ìwádìí ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, NERDC, ti tẹ ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, apá kìíní ní 1984, apá kejì ní 1990. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ìwé kíláàsì tó kó ọ̀rọ̀ náà jọ, tó sì sọ nípa ibi tí ọmọ ń gbé, òun ló wọ́n.

Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò sọ kò ní tán bọ̀rọ̀. Ní Ọyẹ́-Èkìtì nìkan, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà nínú ibùdó iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1947, èyí tí Fadá Kevin Carroll bójú tó. Níbẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ gbajúmọ̀ agbẹ́gilére nì, Àrẹ́ògún, ti ń gbẹ́gi, níbẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀sìn, owó, ìtàn: gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀. Ìsàn wà nítòsí, ìkòkò mímọ sì ni iṣẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n. Ogun Kírìjí wà, pẹ̀lú àdéhùn àlàáfíà ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, bí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣe parapọ̀, ohun tí ìṣọ̀kan ná wọn, ohun tó fún wọn. Ìṣẹ̀dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ 16. Iṣu wà, tí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ń jẹ́ mọ́ orúkọ: ta ló ń gbìn ín, ta ló ń rà á, mọ́tò wo ló ń gbé e lọ, èló ni ọ̀nà búburú ń yọ kúrò lára èrè àgbẹ̀? Ọmọ kíláàsì karùn-ún lè béèrè èyí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kó kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, kó kà á sókè ní kíláàsì. Lọ́jọ́ kejì, kí ó sọ ohun kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025 kò dí ọ̀nà yìí pa. Èdè Nàìjíríà kan ṣì wà nínú iṣẹ́ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe, ìtàn Nàìjíríà tí a ti pa tì fún ọdún pípẹ́ ti padà wọlé, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ṣì wà. Àkókò Yorùbá wà nínú ìwé olùkọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí ó má fi àkókò náà sọ̀rọ̀ agbo ilé, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ọjà ìlú. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ sóṣà jókòó pọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì pín iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí Yorùbá já gaara lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ìwé kékeré kan nípa ìlú yín fún kíláàsì kẹrin, ojú ewé 40 tó. Ẹ̀yin òbí, ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kó parí lórí owó nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ yín kọ́ nípa ìlú rẹ̀ ní sáà yìí, ẹ sì ní kí ó sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ fi tó olùkọ́ rẹ̀ létí níbẹ̀, kí ìpàdé tó tú ká.